Ọjọ́ Mẹ́rìnlélógún Ṣáájú Kérésìmesì

Ohun tí a ń retí kì í tètè dé lójú ẹni tí ń retí rẹ̀. Bí ó ti rí fún àgbà ni ó rí fún ọmọdé, ṣùgbọ́n ti ọmọdé le jù, nítorí pé kò tí ì pẹ́ láyé tó láti mọ̀ pé ọdún tí ó bá lọ a máa padà wá. Bí ẹ bá sọ fún ọmọ ọdún 6 pé ó ku oṣù kan kí Kérésìmesì ó dé, kò yàtọ̀ létí rẹ̀ sí pé ó ku ogún ọdún. Oṣù kan kò ṣeé dì mú, kò sì ṣeé fojú rí. Ìdí nìyí tí àwọn òbí fi ń wá ọgbọ́n tí wọn yóò fi sọ ọjọ́ di ohun tí ọmọ lè fọwọ́ kàn, kí ó lè rí i pé èyí tí ó lọ ti lọ, àti pé èyí tí ó kù kò pọ̀ mọ́.

Ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí èmi àti ìyàwó mi ti ń tọ́ ọmọ méjì, páálí ni ọgbọ́n náà. Kí oṣù kọkànlá ó tó parí, àwọn ilé ìtajà a ti kún fún ohun tí wọ́n ń pè ní kálẹ́ńdà Ádífẹ́ǹtì. Páálí pẹlẹbẹ ni, tí a ya àwòrán sí lójú, tí a sì gé ilẹ̀kùn kéékèèké mẹ́rìnlélógún sí lára. Láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kejìlá ni ọmọ yóò ti máa ṣí ilẹ̀kùn kan láràárọ̀. Ṣokoléètì bíńtín ni yóò bá lẹ́yìn rẹ̀. Yóò jù ú sẹ́nu, yóò sì sáré lọ sí ilé-ìwé. Nígbà tí ó bá fi máa ṣí ilẹ̀kùn kẹrìnlélógún, ọdún ti kan ilẹ̀kùn.

Ní ọdún 2023, àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nínú ilé pinnu pé a ó ṣe tiwa fúnra wa, àti pé iṣẹ́ ni a ó fi sínú rẹ̀, kì í ṣe ṣokoléètì. Ohun tí mo fẹ́ sọ nípa rẹ̀ kò ju èyí lọ: kíka ọjọ́ de ọdún, ìwà ni ó ń kọ́ ọmọ, yálà a fiyè sí i tàbí a kò fiyè sí i. Ohun tí a bá sì fi sẹ́yìn ilẹ̀kùn ni yóò sọ irú ìwà tí ọmọ yóò kọ́.

Àwọn ará Jámánì ni wọ́n ni àṣà náà. Ádífẹ́ǹtì fúnra rẹ̀, láti inú èdè Látìnì ni ó ti wá, "bíbọ̀" ni ó sì túmọ̀ sí. Òun ni orúkọ tí ìjọ Kristi fún àwọn ọ̀sẹ̀ tí ó ṣáájú ọdún ìbí Olúwa. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn ìdílé kan nínú ìjọ Luther a máa fi ṣọ́ọ̀kì fa ilà mẹ́rìnlélógún sára ilẹ̀kùn, ọmọ a sì máa nu ọ̀kan kúrò lójoojúmọ́. Ẹni tí ó bá dàgbà ní Ìbàdàn bíi tèmi yóò rántí àwọn olóúnjẹ àti àwọn ẹlẹ́mu tí wọ́n máa ń fi èédú fa igi sára ògiri, kí wọ́n lè mọ iye tí oníbàárà kọ̀ọ̀kan jẹ wọ́n. Bí ó bá san án, wọn a pa á rẹ́. Lójú àwọn ọmọ Jámánì wọ̀nyẹn, oṣù Kejìlá yóò ti dàbí gbèsè tí à ń san díẹ̀díẹ̀.

Pásítọ̀ kan wà ní ìlú Hamburg tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Johann Hinrich Wichern. Ní 1833, ó dá ilé kan sílẹ̀ fún àwọn ọmọ tálákà àti àwọn tí kò ní olùtọ́jú. Rauhes Haus ni wọ́n ń pe ilé náà. Ìtàn sọ pé ojoojúmọ́ ni àwọn ọmọ náà ń bi í léèrè bóyá Kérésìmesì ti dé. Ní 1839, ó gbé ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ẹrù kan tí ó ti gbó, ó sì to àbẹ́là sí i lórí: 20 kéékèèké tí ó pupa, àti 4 ńláńlá tí ó funfun fún àwọn ọjọ́ Ìsinmi. Ọjọ́ Ìsinmi ni ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kejìlá bọ́ sí lọ́dún náà, nítorí náà ọjọ́ Ìsinmi mẹ́rin àti ogún ọjọ́ mìíràn ni ó wà nínú iye tí wọ́n ní láti kà. Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń tan ọ̀kan kún un, ìmọ́lẹ̀ náà sì ń pọ̀ sí i bí ọdún ti ń súnmọ́ tòsí. Ẹ wo bí iye yìí ti bá ẹnu wa mu. Ẹni tí ó bá ń ka nǹkan ní èdè Yorùbá, mẹ́rin ni yóò gbé lé ogún kí ó tó rí mẹ́rìnlélógún. Bí Wichern ṣe to àbẹ́là rẹ̀ gan-an nìyẹn, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kọ́ ọ ní Yorùbá.

Páálí tí a mọ̀ lónìí, ọwọ́ Gerhard Lang ni ó ti gbilẹ̀. Ní Maulbronn, ní agbègbè Württemberg, ni a ti bí i ní 1881. Nígbà tí ó wà ní kékeré, ìyá rẹ̀ a máa so ìpápánu dídùn kéékèèké mẹ́rìnlélógún mọ́ páálí fún un, kí ó máa mú ọ̀kan lójúmọ́. Nígbà tí ó dàgbà, tí ó di alátẹ̀wé ní ìlú Munich, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ kálẹ́ńdà irú èyí tà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Nígbà tí yóò sì fi di nǹkan bí ọdún 1920, ilẹ̀kùn kéékèèké ti wà lára rẹ̀. Ogun Àgbáyé Kejì sọ bébà di ọ̀wọ́n, àṣà náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́. Ní 1946, Richard Sellmer tún gbé e dìde ní ìlú Stuttgart, ó sì ń kó o ránṣẹ́ sí ilẹ̀ òkèèrè. Lẹ́yìn náà ni ṣokoléètì wá gba ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.

Bí a bá wo ìtàn yìí dáadáa, ìyá ni ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é kí ọlọ́jà tó gbà á. Ọmọ tí ń nu ilà, iṣẹ́ ni ó ń ṣe. Ọmọ tí ń wo àbẹ́là tí wọ́n ń tàn, gbogbo ilé ni wọ́n jọ ń wò ó. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ń ṣí ilẹ̀kùn páálí, òun nìkan ni ó ń ṣí i, òun nìkan ni ó ń jẹ ẹ́. Èmi kò bá ṣokoléètì jà. Ọmọ tí kò bá jẹ dídùn nígbà ọdún, ìgbà wo ni yóò jẹ ẹ́? Ohun tí ń kọ mí lóminú ni pé ó lè wá dàbí ẹni pé gbígbà nìkan ni ọjọ́ wà fún.

Àwa náà ní ọ̀nà tí a ń gbà ka ọjọ́. Àwọn baba wa a máa ná ọjà ní ọrún àti ní ìsán, ẹgbẹ́ a sì máa ṣe ìpàdé ní ìtàdógún. Nínú gbogbo ìkà wọ̀nyí, ọjọ́ tí a wà nínú rẹ̀ gan-an ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀kan. Ìdí nìyí tí ìjẹta fi jẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú àná: oní ni ọ̀kan, àná ni èjì, ìjẹta ni ẹ̀ta. Oní kì í ṣe ohun tí a ń fò kọjá láti lọ bá ọ̀la. Ó wà nínú iye. Mo fẹ́ràn èyí púpọ̀, mo sì fẹ́ kí àwọn ọmọ mi mọ̀ ọ́n.

Nígbà tí mo wà ní ọmọdé, kò sí kálẹ́ńdà Ádífẹ́ǹtì nílé wa, ṣùgbọ́n a mọ̀ pé ọdún ń bọ̀ nítorí iṣẹ́ tí ń pọ̀ sí i. A ó fọ aṣọ ojú fèrèsé, a ó kun ògiri, a ó ro ẹ̀yìnkùlé. Wọn yóò mú wa lọ sọ́dọ̀ télọ̀ kí ó wọ̀n wá fún aṣọ ọdún, a ó sì máa yà níbẹ̀ lójoojúmọ́ láti wò ó bóyá ó ti fi abẹ́rẹ́ kàn án. A ó máa fún adìyẹ ọdún ní àgbàdo. Ìyá mi yóò ti máa ka àwo tí yóò fi gbé oúnjẹ lọ sílé àwọn aládùúgbò wa tí wọ́n jẹ́ Mùsùlùmí, nítorí pé ẹran Iléyá wọn kò fò wá rí. Bákan náà ni ní Òṣogbo: Ìwọ́pópó ni wọ́n fi ń ṣí ọdún Ọ̀ṣun, wọn a tún ojú ọ̀nà ṣe ná, wọn a tan àtùpà olójú mẹ́rìndínlógún, kí ọjọ́ àṣekágbá tó dé. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tí ń retí ọdún kì í káwọ́ lẹ́rán. Ìmúra ni ó fi ń retí rẹ̀.

Èyí ni mo ní lọ́kàn nígbà tí àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jókòó yí tábìlì ká ní ọjọ́ Ìsinmi tí ó kẹ́yìn oṣù kọkànlá ọdún náà. Ìyàwó mi ti fi àgékù àǹkárá rán àpò kéékèèké mẹ́rìnlélógún mọ́ aṣọ gígùn kan. Ọmọ wa obìnrin jẹ́ ọmọ ọdún 10 nígbà náà, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin jẹ́ ọmọ ọdún 6. Nọ́ọ̀sì ni ìyá wọn, iṣẹ́ òru sì ni ó sábà máa ń ṣe. Èmi kì í wọlé kí agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ó tó lù. Ní Lọ́ńdọ̀nù nínú oṣù Kejìlá, oòrùn a ti wọ̀ kí agogo mẹ́rin ó tó lù. Ìdílé tí kò bá ro irú nǹkan báwọ̀nyí kí ó tó kọ ètò, ohun tí apá rẹ̀ kò ní ká ni yóò kọ. Nítorí náà, ìwé tí ó ń sọ àwọn òru tí ìyá wọn yóò lọ síbi iṣẹ́ ni a kọ́kọ́ tẹ́ sórí tábìlì. Àwọn ọjọ́ tí kò ní sí nílé lálẹ́, a fi iṣẹ́ tí kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ sí i. Méjì nínú ọjọ́ Àbámẹ́ta mẹ́rin tí gbogbo wa yóò wà papọ̀ ni a fi iṣẹ́ ńlá sí.

Òfin mẹ́ta ni a ṣe. Èkíní, ẹnì kọ̀ọ̀kan wa yóò mú iṣẹ́ mẹ́fà wá, kí ó má baà jẹ́ pé òbí nìkan ni ó ń pàṣẹ. Èkejì, iṣẹ́ kankan kò gbọdọ̀ ná wa ní owó ju èyí tí a ó ti fi jẹun tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ̀kẹta, ó kéré tán, mẹ́jọ nínú wọn gbọdọ̀ jẹ́ fún ẹni tí kì í gbé inú ilé wa. Ọmọkùnrin mi kọ "kí a jẹ ṣokoléètì" sínú mẹ́ta nínú bébà mẹ́fà rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fẹ́ fagi lé gbogbo rẹ̀. Ìyá wọn dá sí i, ó ní kí a gba ọ̀kan, bí ó bá gbà láti gé e sí mẹ́rin. Ọmọ náà ronú sí i pẹ́ títí kí ó tó gbà.

Báyìí ni ètò náà ṣe rí. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní, àwọn ọmọ ṣa aṣọ àti ohun ìṣeré tí ó ti kéré fún wọn, a fọ̀ wọ́n, a sì dì wọ́n fún ẹni tí yóò lò wọ́n. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n po ìyẹ̀fun fún ṣin-ṣín. Ọjọ́ kẹfà jẹ́ ọjọ́ Nikọ́lá Mímọ́, tí àwọn ọmọ Jámánì máa ń gbé bàtà wọn síta kí wọ́n lè bá ẹ̀bùn nínú rẹ̀. Tiwa ni pé ọmọkùnrin mi kun bàtà gbogbo ilé, títí kan èyí tí ìyá rẹ̀ ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, a lọ sí ọjà Peckham, níbi tí àwọn èèyàn wa ti ń ra oúnjẹ ilé. Àdéhùn wa ni pé n kò ní sanwó ohunkóhun àfi bí wọ́n bá pè é ní Yorùbá: ata rodo, èlùbọ́, ẹ̀wà olóyin, ẹja gbígbẹ. Ìyá tí ń tajà rẹ́rìn-ín títí, ó sì fi ata díẹ̀ ṣe ènì fún wọn. Ní ọjọ́ kẹtàlá, a pa iná, a sì pa àlọ́. Ní ọjọ́ kẹrìndínlógún, a se mọ́ínmọ́ín, wọ́n sì gbé e lọ fún bàbá àgbàlagbà kan, ará Jàmáíkà, tí ó ń dá gbé lókè wa. Lójoojúmọ́ sì ni wọ́n ń fi oúnjẹ kan, ì báà ṣe agolo tòmátò tàbí páálí ìrẹsì, sínú àpótí tí a ó gbé lọ síbi tí ṣọ́ọ̀ṣì wa ti ń pín oúnjẹ fún àwọn tí ọwọ́ wọn kò tó ẹnu.

Iṣẹ́ kan ni kò wọ inú àpò kankan, nítorí pé ti ojoojúmọ́ ni. Ọmọ mi obìnrin ni ó mú un wá. Ó kọ ọ́ sórí bébà pé òun fẹ́ mọ oríkì òun.

Ó yẹ kí n sọ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń dùn mí. Ìyá mi wà ní Ìbàdàn, ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, kò sì gbọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì. Yorùbá àwọn ọmọ mi kò kọjá kí wọ́n kíni, kí wọ́n sì béèrè oúnjẹ. Bí wọ́n bá ń bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù, wọn yóò kí i tán, òun náà yóò dáhùn, yóò ṣàdúrà, yóò béèrè nǹkan. Nígbà náà ni àwọn ọmọ yóò yí ojú padà sí mi. Mo ti di ògbufọ̀ láàrin ìyá mi àti àwọn ọmọ mi. Iṣẹ́ tí ọmọ kì í gbàdúrà fún ni. Bẹ́ẹ̀ sì ni oríkì orílẹ̀ wa kò sí nínú ìwé kankan bí ìyá mi ti mọ̀ ọ́n. Nígbà tí ó wọlé gẹ́gẹ́ bí ìyàwó ni ó kọ́ ọ lẹ́nu àwọn obìnrin ilé tí ó bá níbẹ̀, púpọ̀ nínú wọn sì ti lọ.

Mo pè é, mo sọ ohun tí àwọn ọmọ fẹ́. Mo ní, "Ìyá mi, wọ́n ní kí ẹ máa fún àwọn ní gbólóhùn kan lójoojúmọ́, títí yóò fi pé mẹ́rìnlélógún."

Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Ṣé iyọ̀ ni, tí n ó máa bù ú fún wọn ní ṣíbí kọ̀ọ̀kan? A kì í gé oríkì. Ọmọ á jí, á kúnlẹ̀, a ó kì í, orí rẹ̀ á wú. Bí mo bá gé e sí wẹ́wẹ́, orí ta ni yóò wú?"

Ọmọ mi obìnrin gba fóònù. Ó fi Yorùbá rẹ̀ tí kò délẹ̀ sọ pé, "Màmá àgbà, ẹ jọ̀ọ́ mà, a ò lè rántí gbogbo ẹ̀."

"Ta ní ní kí ẹ rántí gbogbo rẹ̀, Àbẹ̀kẹ́ mi? N ó máa kì yín tán láràárọ̀. Èyí tí ó bá há sí yín létí, ẹ mú un."

Bí a ṣe ṣe é nìyẹn. Ní agogo méje àárọ̀ lọ́dọ̀ wa, tí ó jẹ́ agogo mẹ́jọ ní Ìbàdàn, a ó gbé fóònù ti ife tíì. Ọmọbìnrin yóò kúnlẹ̀, ọmọkùnrin yóò dọ̀bálẹ̀, ìyá mi yóò sì bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, ẹ̀rín ni wọ́n ń rín. Ní ọjọ́ karùn-ún, ọmọkùnrin gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan, Àkànní, ó sì gbé orí sókè ní ìdọ̀bálẹ̀ tí ó wà, ó ní, "Èmi nìyẹn!" Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ a máa kọ èyí tí ó bá mú sórí bébà, a sì máa fi bébà náà sínú àpò ọjọ́ náà. Nígbà mìíràn ìyá wọn a ti ibi iṣẹ́ dé, a dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ẹ̀wù òtútù lọ́rùn, kò ní wọlé títí ìyá mi yóò fi kì wọ́n tán.

Ní ọjọ́ kejìlá, ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni, fóònù kò lọ. Mo tẹ̀ ẹ́, mo tún un tẹ̀, ó kọ̀. Àwọn ọmọ ti wà nílẹ̀. Mo ní kí wọ́n dìde kí wọ́n má baà pẹ́ dé ilé-ìwé. Ọmọ mi obìnrin dìde, ṣùgbọ́n ó ní kí àbúrò òun má tí ì dìde. Ó wá fi ohùn ìyá mi, pẹ̀lú bí ìyá mi ṣe máa ń fa ìparí ọ̀rọ̀, kì í ní gbólóhùn mẹ́fà tí ó ti mú láti ọjọ́ kìn-ín-ní. Àṣìpè wà nínú rẹ̀. Ọmọkùnrin náà kò rẹ́rìn-ín. Ó dọ̀bálẹ̀ síbẹ̀ títí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi parí, lẹ́yìn náà ó dìde, ó sì lọ wọ bàtà rẹ̀. Èmi kò rí nǹkan kan sọ, nítorí pé kò sí ohun tí a fẹ́ kí n túmọ̀.

Àwọn ènìyàn kan bá wa wí. Àgbà kan nínú ìjọ wa sọ pé àsìkò Ádífẹ́ǹtì jẹ́ àsìkò ìrònúpìwàdà, pé aṣọ àlùkò ni àlùfáà ń wọ̀ nígbà náà, kì í ṣe àkókò eré. Ó tún ní ọjọ́ Ìsinmi tí ó bá súnmọ́ ọjọ́ Áńdérù Mímọ́ jùlọ, 30 oṣù kọkànlá, ni Ádífẹ́ǹtì ń bẹ̀rẹ̀. Ó lè jẹ́ láti 27 oṣù kọkànlá títí dé 3 oṣù Kejìlá, àti pé lọ́dún 2023, ọjọ́ kẹta ni. Àpò tiwa ti ṣí ní ọjọ́ méjì ṣáájú ìjọ. Òótọ́ ni ó sọ nípa ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù yé ọmọdé, ọjọ́ tí ń yí kiri kò yé e. Ní ti ìrònúpìwàdà, kí ọmọ ọdún 6 fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé ọkọ̀ ìṣeré rẹ̀ fún ẹlòmíràn, mo rò pé ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ohun tí ọ̀rọ̀ náà túmọ̀ sí.

Ẹlòmíràn ní ọ̀rọ̀ òyìnbó ni gbogbo rẹ̀. Mo rán an létí David Hinderer, tí òun àti Anna ìyàwó rẹ̀ wá fìdí kalẹ̀ sí Ìbàdàn ní 1853 láti dá ìjọ sílẹ̀. Ọmọ Württemberg ni, agbègbè kan náà tí a bí Gerhard Lang sí lẹ́yìn náà. Ọdún 12 kí a tó bí Lang ni wọ́n ti fi Ìbàdàn sílẹ̀, nítorí náà páálí yìí kò sí nínú ẹrù tí wọ́n gbé wá. Ṣùgbọ́n Kérésìmesì wà níbẹ̀, àwọn èèyàn wa sì fi ìlù, aṣọ ọdún àti àwo oúnjẹ sọ ọ́ di tiwa. Ohun tí wọ́n ṣe sí ọdún náà ni àwa ń ṣe sí ọ̀nà tí a ń gbà kà á. Ohun tí a bá yá lọ́wọ́ ẹlòmíràn, ohun tí a fi sínú rẹ̀ ni yóò sọ ẹni tí ó ni ín.

Ní alẹ́ ọjọ́ kẹrìnlélógún, a pe ìyá mi. Àwọn ọmọ ni wọ́n kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ọmọ mi obìnrin ka gbólóhùn mọ́kànlá tí ó ti mú, láìwo bébà. Àbúrò rẹ̀ ka mẹ́rin, ọ̀kan nínú wọn lẹ́ẹ̀mejì. Mo ń retí pé ìyá mi yóò sunkún. Kò sunkún. Ó ní ọ̀rọ̀ kan wà tí wọ́n gbé ohùn rẹ̀ sókè níbi tí ó yẹ kí wọ́n gbé e sísàlẹ̀, kí wọ́n tún un pè. Wọ́n tún un pè. Ó ní, "Ẹ̀ẹ̀kan sí i." Wọ́n tún un pè, ó wá ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ ọdún, ọmọkùnrin mi dúró níwájú àwọn àpò náà, ó ń kà wọ́n ní Yorùbá gẹ́gẹ́ bí a ti kọ́ ọ. Nígbà tí ó dé mẹ́rìnlélógún, ó fẹ́ pe èyí tí ó kàn ní "márùn-ún-lé-lógún." Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni. Mo ṣàlàyé fún un pé láti ibí yìí lọ, a kì í ka ohun tí ó lé mọ́. Ọgbọ̀n tí ó wà níwájú ni a ń wò, a sì ń yọ márùn-ún kúrò nínú rẹ̀. Ó bi mí pé, "Ta ni ó mú márùn-ún náà?" N kò ní ìdáhùn, ni mo bá ní kí ó bi ìyá mi lórí fóònù, ó sì fi Yorùbá béèrè rẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ìyá mi ní, "Kò sí ẹni tí ó mú un. Wọn kò tí ì gbé e dé ni."

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024, ìyàwó mi ká aṣọ àpò náà sínú àpótí. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì oṣù náà, nígbà tí agogo mẹ́jọ lù ní Ìbàdàn, fóònù wa dún.